Ebi Pa Òkétébú Nígbà tí Omi Kún: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ kan ní Orísun Ọ̀ṣun, Ìgèdè-Èkìtì

Ẹranko tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò sí láyé. Inú ayé àfinúrò ló wà, ní Èkìtì tí mílíọ̀nù ọdún 8 ti kọjá lórí rẹ̀ lẹ́yìn tí ènìyàn ti kúrò níbẹ̀. Nínú ayé yẹn, ọ̀nì ti tán nínú odò, otter, ẹranko onírun tó ń wẹ̀ nínú odò tó sì ń pa ẹja jẹ, náà ti tán, kò sì sí ohun kan tó ń pa ẹja jẹ nínú àwọn odò kéékèèké orí òkè. Ààyè tó ṣófo yẹn ni ayàwòrán kan ní Adó-Èkìtì fi ọmọ ìran òkété sí, ó sì sọ ọ́ ní òkétébú, òkété inú ibú. Òun àti àwọn mẹ́ta tó ń bá a yẹ iṣẹ́ wò fi ìṣirò mú ẹranko náà la ọdún kan já, oṣù dé oṣù. Ó kú ní oṣù kẹrin. Bó ṣe kú, ohun tó pa á, àti ohun tí wọ́n yí padà kó tó lè rí oṣù karùn-ún, ni a kọ síbí.

Gbogbo ènìyàn mọ Ọ̀ṣun mọ́ Òṣogbo, ṣùgbọ́n Ìgèdè-Èkìtì ni odò náà ti sun. Òkúta líle ló wà lábẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀, òkúta tí kì í fi bẹ́ẹ̀ gba omi sínú. Ìdí nìyẹn tí odò kéékèèké Èkìtì fi ń tètè kún bí òjò bá rọ̀, tó sì ń tètè fà bí òjò bá dá. Òjò máa ń le ní oṣù kẹfà àti ìkeje, ó máa ń sinmi díẹ̀ ní ìkẹjọ, ó tún máa ń le ní ìkẹsàn-án, lẹ́yìn náà ni ẹ̀ẹ̀rùn á wọlé ní ìkọkànlá. Ayé àfinúrò náà kò yí èyí padà, àfi pé ẹ̀ẹ̀rùn ibẹ̀ fi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ gùn ju ti wa lọ: ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin ni òjò gidi àkọ́kọ́ ń rọ̀. Odò náà fẹ̀ tó mítà 3. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, kì í ṣàn mọ́; ó ń já sí ibú-ibú, ibú kan níhìn-ín, ibú kan lọ́hùn-ún.

Ìrísí àkọ́kọ́

Òkétébú àkọ́kọ́ wọn kílò 40. Ó ní eyín gígùn mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu bíi ti ẹkùn, ó ní awọ láàárín ìka ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bíi ti pẹ́pẹ́yẹ, ojú rẹ̀ sì ga sórí àtàrí. Ìrọ̀lẹ́ ni ó ń lọ lúgọ sínú omi bí ọ̀nì, tí á máa retí kí ẹja kọjá. Àwòrán rẹ̀ dára púpọ̀. Odò Ìgèdè kò lè bọ́ ọ.

Ìṣirò rẹ̀ kò ṣòro, ó sì yẹ kí gbogbo ẹni tó ń ṣẹ̀dá apẹranjẹ mọ̀ ọ́n ṣe kó tó mú pẹ́ńsùlù. Òfin tí Max Kleiber, onímọ̀ nípa bí ara ẹranko ṣe ń lo oúnjẹ, gbé jáde ní 1932 ni a ń lò. Ẹ gbé ìwọ̀n ẹranko náà ní kílò sí agbára 0.75, kí ẹ fi 70 sọ ọ́ di púpọ̀: iye kálórì tí ara rẹ̀ ń jó lójúmọ́ nìyẹn bó bá kàn dùbúlẹ̀. Ẹranko tó ń rìn, tó ń ṣọdẹ, máa ń ná bí ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀. Fún kílò 40, ó já sí 1,113 nígbà ìsinmi, nǹkan bíi 3,340 nígbà ọdẹ. Bí a bá ka gíráàmù ẹja kan sí kálórì kan, tí ara sì ń rí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ lò, kílò 4.2 ni òkétébú yìí gbọ́dọ̀ jẹ lójoojúmọ́. Lọ́dún, ó lé ní 1,500.

Ó wá ku kí á béèrè lọ́wọ́ odò. Gíráàmù ẹja 15 ni wọ́n fún ilẹ̀ odò tó jẹ́ mítà kan níbùú lóòró. Kìlómítà kan odò fẹ̀ mítà 3, ìyẹn á fún wa ní kílò ẹja 45. Bí ẹja yẹn bá ń bí ìlọ́po kan ààbọ̀ ara rẹ̀ lọ́dún, kílò 67 ni. Bí òkétébú bá jẹ gbogbo rẹ̀ láìku ẹyọ kan, kìlómítà 23 ni yóò nílò. Kò sì sí apẹranjẹ tó lè jẹ gbogbo rẹ̀. Bó bá mú ìdá mẹ́ta rẹ̀, èyí tó ti pọ̀ tẹ́lẹ̀, kìlómítà 68 ni fún ẹranko kan ṣoṣo, kí á tó sọ̀rọ̀ aya àti ọmọ.

Lílúgọ inú omi náà kò bá ara rẹ̀ mu. Omi ń fa ooru kúrò lára ní nǹkan bí ìlọ́po 25 ohun tí afẹ́fẹ́ ń fà. Ọ̀nì lè sùn sínú omi láti òwúrọ̀ di alẹ́ nítorí pé kì í fi oúnjẹ dáná sí ara rẹ̀ lára. Oúnjẹ tó ń jẹ kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí ẹlẹ́jẹ̀ gbígbóná ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jẹ lọ. Òkété ẹlẹ́jẹ̀ gbígbóná tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ń sun owó nínú iná ni. Ní ti eyín, eku kò ní eyín ọdẹ. Ẹni tó bá ti la ẹnu òkété rí á ti rí i pé eyín iwájú ló wà, lẹ́yìn rẹ̀ àlàfo, lẹ́yìn àlàfo eyín ìlọ̀. Eyín tí ìran kan ti pàdánù láti ayébáyé kì í ṣàdédé padà wá.

Kílò mẹ́fà

Wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí kílò 6. Òkété òde òní wọn bíi kílò 1 sí 1.5, nítorí náà ìrìn kílò mẹ́fà kò jìnnà. Ohun tí wọ́n wò ṣe àpẹẹrẹ ni rakali, eku odò kan tó wà ní Ọsirélíà lóòótọ́, tó ń jẹ akàn odò, ẹja àti ìṣáwùrú. Awọ díẹ̀ wà láàárín ìka ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì fẹ́ràn láti gbé ohun tó bá pa lọ sórí òkúta kó tó jẹ ẹ́. Ó fi hàn pé ìdílé eku lè ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ìrù ni wọn kò mú lára rakali. Èyí tí wọ́n fún òkétébú tẹ́ pẹrẹsẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi ti Potamogale, ẹranko odò Áfíríkà kan tó ń fi ìrù nìkan wẹ̀, tí kò ní awọ láàárín ìka rárá. Bí ìrù bá ń ṣiṣẹ́ ìtukọ̀, ọwọ́ á ráyè gbẹ́ ilẹ̀, á sì ráyè tọ́ abẹ́ òkúta wò. Mo rò pé ìpinnu yìí ló gba ẹranko náà là ju gbogbo ìyókù lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó mọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é.

Kílò 6 ń jó kálórì 268 nígbà ìsinmi, 805 nígbà ọdẹ. Kílò oúnjẹ kan lójúmọ́ ni. Wọ́n fi akàn àti ọ̀pọ̀lọ́ kún ẹja, wọ́n yọ èèpo akàn kúrò nínú ìṣirò (àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé ènìyàn á wọn akàn pẹ̀lú èèpo, kó wá rò pé ẹran ni), oúnjẹ odò sì di gíráàmù 30 lórí mítà kan níbùú lóòró. Kìlómítà 8 tó ẹranko kan. Ó bójú mu. Ìṣirò ọdún pé, gbogbo wọn sì rò pé iṣẹ́ ti parí.

Oṣù kẹrin

Ìṣirò ọdún kì í sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan. Nígbà tí wọ́n pín ọdún náà sí oṣù, oṣù kejì ni gbogbo ojú ń wò, torí pé èrò ẹni gbogbo ni pé ẹ̀ẹ̀rùn ni yóò pa ẹranko omi. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti oṣù kejìlá ni odò ti ń sún mọ́ra, ẹja tó wà káàkiri kìlómítà kan á wá há sínú ibú mẹ́ta. Epìyà máa ń tètè kú nínú omi gbígbóná tí kò ní afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n àrọ̀ kì í kú, nítorí pé ó lè mí afẹ́fẹ́ òkè. Ó kàn ń yọ ẹnu sókè, tó ń gbé afẹ́fẹ́ mì, tó ń padà sínú ẹrẹ̀. Òkétébú jẹun yó ní oṣù kejìlá, ó sanra ní oṣù kìíní, kílò 6.9 ló wọn. Ní oṣù kejì ó ń fi ọwọ́ wá àrọ̀ nínú pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀. Ní ìparí oṣù kẹta ó ti rù díẹ̀, ṣùgbọ́n ó wà láàyè.

Òjò wá rọ̀. Ilẹ̀ pupa tí ẹ̀ẹ̀rùn ti sọ di lúbúlúbú ya wọ odò, omi pọ́n bí epo, ọwọ́ tí a bá tì bọ̀ ọ́ kò ní hàn dé ọrùn ọwọ́. Àrọ̀ tó há sínú ibú rí omi tuntun, ó gòkè lọ sínú koríko tí omi bò láti lọ yé ẹyin. Bí àrọ̀ ṣe ń ṣe nìyẹn nígbà àgbàrá àkọ́kọ́, lónìí náà. Ẹja tó wà lójú kan lánàá ti fọ́n ká. Òkétébú tó ń fi ojú ṣọdẹ kò ríran mọ́. Wọ́n fi àgbàrá mẹ́ta sí àárín ọjọ́ 20, kí omi má ráyè tòrò.

Kílò ọ̀rá 0.9 ló kù lára rẹ̀. Kílò ọ̀rá ara kan ń fúnni ní bíi kálórì 7,000, nítorí náà 6,300 ló ní nípamọ́. Bó ti ń ná 805 lójúmọ́, kò pé ọjọ́ 8. Ó rí ọ̀pọ̀lọ́ díẹ̀ pa létí omi, ìyẹn fi ọjọ́ mẹ́rin kún un. Ọjọ́ kejìlá lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́ ni ebi pa á, odò kún fọ́fọ́, koríko ń hù.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹni tó ń ṣẹ̀dá ẹranko omi mú dání nìyí: ẹ má fi oṣù tí omi kéré jù dán an wò, ẹ fi ọ̀sẹ̀ tí omi ń yí padà dán an wò.

Irunmú, imú, àti ọ̀rọ̀ ìyá ẹlẹ́ja

Ojú ni wọ́n kọ́kọ́ yọ kúrò nínú ọdẹ. Òkété fúnra rẹ̀ kò ríran dáadáa; òru ni ó ń jáde, imú àti irunmú ló fi ń rìn. Irunmú lè ṣiṣẹ́ nínú omi. Seal, ẹranko òkun, tí wọ́n bá fi aṣọ dì lójú, ṣì lè tọ ipa tí ohun tó wẹ̀ kọjá fi sílẹ̀ nínú omi. Wọ́n tún rí ohun kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2006 nípa ẹranko kékeré kan tó ń gbé inú ilẹ̀ ní Amẹ́ríkà (star-nosed mole), tí imú rẹ̀ dà bí ìràwọ̀: bó bá wà lábẹ́ omi, á fẹ́ ìfófó afẹ́fẹ́ jáde sára ohun tó fẹ́ mọ̀, á sì fà á padà sí imú kíákíá, òórùn ohun náà á ti wà nínú rẹ̀. Imú òkété dára ju èyí tí yóò kàn máa ṣọ́ ẹ̀kùrọ́ lọ. Wọ́n fún un ní ọgbọ́n ìfófó yìí.

Ó wúlò nínú ibú. Kò wúlò nínú àgbàrá. Omi tó ń ru gùdù ń pa ipa ẹja rẹ́, ó sì ń gbá ìfófó lọ kó tó padà sí imú. Ọjọ́ 12 kàn di ọjọ́ 14.

Ìyá kan tó ń ta ẹja ní Ọjà Ọba ní Adó ló tú okùn náà, láìmọ̀. Ayàwòrán yìí dúró níwájú rẹ̀, ó ń wo àwọn àrọ̀ tó dùbúlẹ̀ nínú abọ́ tí omi rẹ̀ kò bo ẹ̀yìn wọn.

“Ẹ kú ọjà o, mà. Èyí kò ní kú báyìí?”

“Ọmọ mi, àrọ̀? Bí ara rẹ̀ bá ṣá ti tutù, á bá ọ dé ilé, ilẹ̀ á ṣú, ilẹ̀ á mọ́. Kó má rìn lọ ni kí o máa ṣọ́. Ẹ̀gún méjì tó wà lẹ́bàá orí rẹ̀ yìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni. Bí mo bá ti ṣẹ́ ẹ, ibi tí mo bá gbé e sí ló máa wà.”

Ẹ̀gún yẹn ti wà nínú ìwé wọn tẹ́lẹ̀, lábẹ́ ewu: bí àrọ̀ bá na ẹ̀gún rẹ̀, ó ń tì gbọn-in, ó sì lè há sí ọ̀fun ẹni tó gbé e mì. Wọn kò ronú pé ẹni tó bá ṣẹ́ ẹ ti bọ́ lọ́wọ́ ewu, ó sì ti gba ẹsẹ̀ ẹja. Òkété wá jẹ́ ẹranko tó ń kó nǹkan pamọ́. Ihò rẹ̀ kì í ṣófo. Ẹ̀kùrọ́, àgbàdo, àní ohun tí kò lè jẹ pàápàá. Ẹja tó ti kú á rà, ṣùgbọ́n àrọ̀ tí kò lè rìn, nínú ẹrẹ̀ tútù, kò ní kú.

Bí ó ṣe ń ṣe é nìyí, ní ọ̀sẹ̀ méjì tó kẹ́yìn oṣù kẹta, nígbà tí ibú tó jìn jù nìkan ló kù. Ó fi ọwọ́ tí kò ní awọ láàárín ìka wá àrọ̀ nínú ẹrẹ̀. Kò gé orí rẹ̀, torí pé agbárí àrọ̀ le, ó sì fẹ́ ẹ láàyè. Ẹ̀yìn orí, níbi tí eegun agbárí parí sí, ló fi eyín iwájú dì mú. Ó wọ́ ọ gòkè, ó fi ọwọ́ òsì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó gé ẹ̀gún òsì nídìí, ó yí ẹja padà, ó gé ti ọ̀tún. Eyín a máa kán díẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Kò burú fún eku: eyín iwájú rẹ̀ ń hù títí ọjọ́ ikú, èèpo iwájú rẹ̀ tó pọ́n bí ọsàn sì ní irin nínú. Ẹranko tó ní eyín ẹkùn kò lè dán irú rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì.

Ihò náà

Ibí ni iṣẹ́ ti pọ̀ jù, ibí náà ni wọ́n ti kùnà jù. Ihò àkọ́kọ́ wà ní ìpele omi kí ẹrẹ̀ rẹ̀ má bàa gbẹ. Àgbàrá wọ inú rẹ̀, gbogbo ẹja bá omi lọ. Wọ́n gbé e lọ sókè. Ẹrẹ̀ gbẹ, ẹja kú. Ohun tó yanjú rẹ̀ ni àpò ẹ̀rẹ̀kẹ́. Òkété ní àpò méjì nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó fi ń kó oúnjẹ. Òkétébú fi ń kó ẹrẹ̀. Ètè rẹ̀ ń pàdé lẹ́yìn eyín iwájú bíi ti beaver, eku ńlá inú omi kan ní ilẹ̀ òtútù, kí omi má bàa wọ ọ̀fun nígbà tó bá ń gé nǹkan lábẹ́ omi. Àpò méjèèjì gba lítà 0.3 lẹ́ẹ̀kan.

Omi àgbàrá ga tó mítà 1.5. Ihò ìpamọ́ wà ní mítà 1.8 sókè ibú, ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, ó fẹ̀ ní 50, ẹrẹ̀ inú rẹ̀ jìn ní 8. Lítà 24 nìyẹn, ìrìn 80, mẹ́wàá lóru kan fún òru mẹ́jọ. Àrọ̀ 16 ló gbà, èyí tó wọn gíráàmù 400 lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gbàgbé afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀kíní. Ẹja 16 àti ẹranko kan nínú ihò tí amọ̀ dí lẹ́nu: òru kẹta, ẹja ti ń kú. Ihò afẹ́fẹ́ kan tó mọ níwọ̀n àtàǹpàkò ni wọ́n gbẹ́ lu òkè rẹ̀. Amọ̀ ẹnu ihò kò ṣeé yọ, nítorí awọ́nríwọ́n tó lè wọlé wá jẹ ẹja. Ẹ̀ẹ̀kan tó bá wọlé ti tó. Èyí tó bá kú nínú ẹrẹ̀ ni òkétébú ń kọ́kọ́ jẹ, imú rẹ̀ ló ń sọ fún un.

Nígbà tí òjò dé, kò jáde lọ bá àgbàrá jà. Ó sùn ti oúnjẹ rẹ̀, ìnáwó ara rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ sí bíi 400, ìyẹn gíráàmù oúnjẹ 500 lójúmọ́, kílò 10 fún ọjọ́ 20. Nínú kílò 6.4 àrọ̀, bí a bá yọ orí àti eegun, bíi 4.5 ló ṣeé jẹ. Ìyókù, gíráàmù 275 lóru, akàn tó ń jáde láti inú ihò rẹ̀ àti ọ̀pọ̀lọ́ tó ń ké létí omi tó rọlẹ̀ ló ń pèsè rẹ̀. Ọ̀rá ara ṣẹ́kù fún òru tí kò bá rí nǹkan kan.

Ìgbà ìbímọ náà yí padà. Wọ́n ti fi sí oṣù kẹrin torí pé òjò bẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé etu tó ń retí koríko tútù ni. Ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú ń jẹ tó ìlọ́po méjì. Kò sí bó ṣe lè rí i ní oṣù kẹrin. Ìparí oṣù kẹwàá ni ó ń bí mẹ́ta báyìí, kí ọmọ lè já lẹ́nu ọmú nígbà tí ẹja ń há.

Wọ́n tún ọdún náà rìn. Oṣù kẹwàá, kílò 6. Ìparí oṣù kìíní, 6.9; ìparí oṣù kẹta, 6.2, ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹrin, 5.4. Àárín oṣù karùn-ún, omi ti tòrò, ó wọn 5.7.

Àwọn ọmọ ni ọ̀rọ̀ wọn ṣì wà nílẹ̀. Ọmọ oṣù márùn-ún kò lágbára láti dá ihò gbẹ́, méjì nínú mẹ́ta sì ń kú ní oṣù kẹrin àkọ́kọ́ wọn. Ìran lè gbé ìyẹn, ṣùgbọ́n ayàwòrán náà fẹ́ mọ̀ bóyá ìyá lè gba ọmọbìnrin kan sọ́dọ̀. Ihò méjì gba àrọ̀ 32 àti lítà ẹrẹ̀ 48, ìrìn 160, òru 16. Ibú tó kẹ́yìn kì í ju òru 12 lọ kó tó gbẹ. Ìyá nìkan kò lè bá a. Àpò ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ gba ìdajì ti ìyá, lítà 0.15. Bí àwọn méjèèjì bá jọ ń rìn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lóru, ihò á kún ní òru kọkànlá. Àwòrán tó wà lórí tábìlì báyìí nìyẹn: ìyá níwájú, ọmọ lẹ́yìn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn méjèèjì wú fún ẹrẹ̀.